Kókó Ẹ̀yìn Oníṣòwò Ẹ̀lùbọ́: Àkọsílẹ̀ Bí A Ṣe Dá Kókó Iṣan Ìmọ̀lára Mọ̀ Lára Awọ

Obìnrin ẹni ọdún 41 kan, ọmọ Ìbàràpá tó ń ta ẹ̀lùbọ́ láfún ní Ìbàdàn, wá sí ilé ìwòsàn awọ ara tí mo ti ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré kan láti ọwọ́ dókítà àdúgbò rẹ̀. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ju ìlà méjì lọ: kókó ọ̀rá wà lẹ́yìn aláìsàn yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa gé e. Ohun tí òun fúnra rẹ̀ ń fẹ́ náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ibi tí okùn kọ́mú ń gbà kọjá lẹ́yìn òsì ni kókó náà wà, òógùn ọjà àti ìfàmọ́ra okùn yẹn sì máa ń jẹ́ kí awọ orí rẹ̀ bó. Mo yọ orúkọ rẹ̀ àti ohunkóhun tó lè tú àṣírí rẹ̀ kúrò nínú àkọsílẹ̀ yìí. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ ni pé bí a bá ti gé kókó yẹn gẹ́gẹ́ bí ìwé náà ṣe wí, tí a sì jù ú nù, a ì bá ti ṣe ohun tó béèrè pátápátá, àìsàn tó wà lára rẹ̀ àti lára ọmọ rẹ̀, ìyẹn neurofibromatosis irú kìn-ín-ní, àìsàn jíìnì tó ń mú kí kókó hù sára iṣan ìmọ̀lára, ì bá sì ti bá wọn padà sílé láìsí ẹni tó mọ̀.

Ó ní òun kọ́kọ́ rí kókó náà nígbà tí òun lóyún àkọ́bí òun. Kò dun òun rí. Díẹ̀díẹ̀ ló ń tóbi, oyún kọ̀ọ̀kan ló sì ń fi kún un. Ọ̀rọ̀ oyún yìí ni mo kọ́kọ́ dì mú, nítorí pé kókó ọ̀rá kì í sábà bá oyún rìn bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni irú kókó iṣan ìmọ̀lára kan wà, tí wọ́n ń pè ní neurofibroma, tí a mọ̀ pé ó máa ń yọ ní ìgbà ìbàlágà, tó sì máa ń pọ̀ tàbí kí ó tóbi sí i bí obìnrin bá lóyún.

Yí kókó náà ká ni ojú gbẹ́rẹ́ wà, tí wọ́n sín ní ìlà kúkúrú mẹ́ta-mẹ́ta. Ó wolẹ̀ nígbà tí mo bi í léèrè. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló mú un lọ síbi tí wọ́n ti sín in, ó sì rò pé mo fẹ́ bá òun wí. N kò ní ìbáwí kankan lẹ́nu. Gbẹ́rẹ́ yẹn wúlò fún mi gan-an. Gbogbo rẹ̀ ló ti jinná, tó tẹ́jú, tí kò sí èyí tó wú lára wọn, ó sì jẹ́ ẹ̀rí tó lágbára pé awọ ẹ̀yìn rẹ̀ kì í wú bí ó bá fara gbọgbẹ́. Àpá tó wú wọ́pọ̀ láàárín wa débi pé òun ni ó yẹ kí ènìyàn kọ́kọ́ ronú kàn bí ó bá rí kókó lẹ́yìn, ṣùgbọ́n àpá bẹ́ẹ̀ máa ń le, ó sì máa ń dán. Eléyìí rọ̀.

Ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 1.8, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀ ju awọ tó yí i ká lọ. Nígbà tí mo fi orí ìka tẹ̀ ẹ́, ó wọlé. Ìka mi kan etí ihò róbótó kan nínú awọ, kókó náà sì gba ibẹ̀ lọ sísàlẹ̀ bí bọ́tìnnì ṣe ń gba ojú ihò ẹ̀wù. Bí mo ti gbé ìka kúrò, ó tún yọ padà. Ẹni tó bá ti rí èyí rí lábẹ́ ìka ara rẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀. Kókó ọ̀rá kì í ṣe báyìí. Abẹ́ awọ ni ọ̀rá ń gbé, awọ orí rẹ̀ máa ń yí lórí rẹ̀ fàlàlà, bí a bá sì tẹ etí rẹ̀, ńṣe ló máa ń yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Inú awọ gan-an ni eléyìí wà, tó fi jẹ́ pé bí mo bá fa awọ, òun náà á tẹ̀ lé e.

Nítorí pé etí odò Ògùn ni ìlú rẹ̀ wà, níbi tí àwọn eṣinṣin dúdú kéékèèké tó ń tan ìnárun kálẹ̀ ti pọ̀ nígbà èwe rẹ̀, mo wá kókó ìnárun lára rẹ̀ pẹ̀lú. Ó rántí pé àwọn máa ń to lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba oògùn Mectizan. Kókó ìnárun máa ń le, orí egungun ló sì sábà máa ń jókòó sí, pàápàá ní ìbàdí, ní ìhà àti lókè ìdí, lábẹ́ awọ, láìlẹ̀ mọ́ awọ. N kò rí ọ̀kankan. Mo tún yẹ kókó náà wò bóyá schwannoma ni, èyí tí í ṣe kókó iṣan ìmọ̀lára kejì tó ṣe pàtàkì. Schwannoma sábà máa ń wà lórí iṣan kan tó lórúkọ, bí a bá kàn án, ìrora tàbí ìgúnni bí abẹ́rẹ́ máa ń sáré lọ sí ìsàlẹ̀ ibi tí iṣan yẹn ń lọ, a sì lè tì í síhà méjèèjì iṣan náà ṣùgbọ́n kì í fẹ́ lọ sókè-sódò. Mo kan kókó obìnrin yìí títí, kò sí ohun tó sáré lọ síbikíbi.

Títí dé ibí yìí, kókó kan ṣoṣo ni a ń sọ. Neurofibroma kan ṣoṣo lára àgbàlagbà kì í ṣe nǹkan bàbàrà; ẹni tí ohun gbogbo yòókù lára rẹ̀ pé lè ní in, a ó gé e bí ó bá ń dí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ parí. Ìbéèrè tó ṣòro tó sì ṣe kókó ni bóyá ó dá wà. A kò lè dá ìbéèrè yẹn lóhùn láìjẹ́ pé aláìsàn bọ́ aṣọ, bẹ́ẹ̀ ni nínú ilé ìwòsàn tí èrò ti kún ẹnu ọ̀nà, ibi tí aláìsàn bá nawọ́ sí nìkan la sábà máa ń wò. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bọ́ bùbá rẹ̀, nọ́ọ̀sì obìnrin wà pẹ̀lú wa, a sì sún àga sí ojú fèrèsé nítorí pé iná yàrá náà pọ́n, irú iná bẹ́ẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí a rí ìyàtọ̀ àwọ̀ lára adúláwọ̀.

A rí kókó kejì lábẹ́ ọmú ọ̀tún, kò ju mìlímítà 6 lọ, a sì rí ẹ̀kẹta níbi tí ìdí ìró ti ń fún un ní ìbàdí. Ó ní, “Dókítà, àwọn wọ̀nyẹn ò yọ mí lẹ́nu o, ẹ fi wọ́n sílẹ̀.” Àwọn méjèèjì rọ̀ bíi ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà ni a rí àbàwọ́n: pẹrẹsẹ, kò wú, kò hún, etí wọn mọ́lẹ̀ ketekete, ní ikùn, itan àti ìdí. Lára ènìyàn funfun, irú àbàwọ́n bẹ́ẹ̀ máa ń pọ́n rẹ́súrẹ́sú; lára tiwa, wọ́n máa ń dúdú ju awọ yòókù lọ, èyí ló sì fà á tí a fi ń pè wọ́n ní àmì ìbí lásán. Mo fi rúlà wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ni gbogbo wọn, 7 nínú wọn sì ju mìlímítà 15 lọ. Nígbà tó gbé apá sókè, abíyá méjèèjì kún fún àmì dúdú wínníwínní tó dà bí èyí tí oòrùn máa ń fà sójú àwọn òyìnbó, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn kì í débẹ̀.

Àbàwọ́n yìí lè ṣini lọ́nà ní ọ̀nà méjì nílẹ̀ wa. Èkíní ni ẹ̀tẹ̀. Ẹni tó ní àbàwọ́n àti kókó lára pọ̀ ti bọ́ sínú ìfura ẹ̀tẹ̀ lójú aráàlú, nígbà mìíràn lójú òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Mo fi òwú kan àbàwọ́n kọ̀ọ̀kan nígbà tó di ojú, ó sì ń dáhùn ní gbogbo ìgbà. Mo fọwọ́ wá iṣan tó wà lẹ́yìn ìgbọ̀nwọ́ àti èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn lọ sí etí. Kò sí èyí tó ki. Ìsàlẹ̀ etí rẹ̀ kò wú, irun ojú rẹ̀ pé. Èkejì ni àbàwọ́n tí oògùn ń fà, nítorí pé ó jẹ́wọ́ pé òun máa ń ra Septrin fún inú rírun. Oògùn tó ní sọ́fà nínú, Septrin àti Fansidar pẹ̀lú, máa ń dá àbàwọ́n dúdú róbótó sí awọ àwọn kan, ibi kan náà ni yóò sì máa padà sí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tún lò ó, pẹ̀lú yíyún àti jíjó. Ohun tó lè yanjú eléyìí ni kí a mọ ìgbà tí àbàwọ́n náà yọ, obìnrin náà kò sì mọ̀, nítorí pé ìdí ara ẹni kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń rí.

Ìyá rẹ̀ ti kú. Ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ tó bá wọn tọ́ ọ ṣì wà ní Ìbàràpá, a sì pè é lórí fóònù níbẹ̀. Ìyá àgbà náà kò ronú rárá kí ó tó dáhùn: “Àwọn tó wà nídìí yẹn? Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, kò tíì lè jókòó tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Kókó bo gbogbo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ kí ó tó kú, wọ́n ní èpè ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni.” Kò sí ìwé ilé ìwòsàn kankan nípa ìgbà ọmọdé obìnrin yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wẹ ọmọ tuntun ti fojú rí gbogbo awọ rẹ̀ lójoojúmọ́, mo sì gba ẹ̀rí rẹ̀ ju káàdì ilé ìwòsàn èyíkéyìí lọ. Ọ̀rọ̀ Septrin kúrò nílẹ̀.

Láti ọdún 1988 ni àwọn onímọ̀ tó péjọ lábẹ́ àjọ ìlera ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti tẹ ìwọ̀n tí a fi ń dá neurofibromatosis irú kìn-ín-ní mọ̀ jáde, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2021. Àbàwọ́n 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tó ju mìlímítà 15 lọ lára àgbàlagbà, tàbí tó ju mìlímítà 5 lọ lára ẹni tí kò tíì bàlágà, jẹ́ àmì kan. Àmì wínníwínní ní abíyá tàbí ní ìpẹ̀kun ikùn òun itan jẹ́ òmíràn. Neurofibroma méjì náà wà níbẹ̀, tàbí ẹyọ kan bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ń tàn ká ẹ̀ka iṣan. Lẹ́yìn ìwọ̀nyí ni àmì inú ojú, ti egungun, ti jíìnì, àti òbí tó ní àìsàn náà. Àmì méjì ti tó. Lóòótọ́, obìnrin yìí ti ní méjì láti ara awọ nìkan, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ 2021 kìlọ̀ pé bí ó bá jẹ́ àbàwọ́n àti àmì abíyá nìkan la rí, kí a ronú nípa àìsàn mìíràn tí wọ́n ń pè ní Legius, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣàpèjúwe ní 2007, tó máa ń fi àbàwọ́n kan náà hàn láìní kókó iṣan rárá. Kókó ìyá rẹ̀ kò lè kà, nítorí kò sí dókítà tó sọ ohun tó jẹ́ nígbà ayé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wá kù sọ́wọ́ kókó tó tìtorí ẹ̀ wá: bí ó bá jẹ́ ti iṣan ìmọ̀lára lóòótọ́, Legius kúrò nínú ọ̀rọ̀.

A fún un ní abẹ́rẹ́ tó ń mú ojú ibẹ̀ kú, a sì gé kókó náà yípo. Kò ní àpò tó yí i ká, nítorí náà kò yọ bọ́rọ́ jáde bí kókó ọ̀rá ṣe máa ń ṣe. Ẹran rẹ̀ rọ̀, ó funfun rẹ́súrẹ́sú, ó ń dán díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣun lójú rẹ̀ ju bí mo ṣe fẹ́ lọ. A kó o sínú ìgò fómálíìnì tó pọ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀. Mo fẹ́ dúró lórí èyí díẹ̀, nítorí pé ohun tí a gé kúrò lára ènìyàn ṣì ń lọ sínú garawa ní ọ̀pọ̀ ibi lórílẹ̀-èdè yìí, torí owó àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n kó o sínú ìgò omi lásán títí yóò fi bàjẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n obìnrin náà tó tẹ̀ lé e wá ló san owó àyẹ̀wò, lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé fún un pé èyí ni ìdajì iṣẹ́ náà.

Lábẹ́ máíkírósíkóòpù, pẹ̀lú àwọ̀ elésè-àlùkò àti aláwọ̀ pínkì tí gbogbo yàrá àyẹ̀wò ń lò, àwòrán náà kò mú àríyànjiyàn wá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tẹ́ẹ́rẹ́ dùbúlẹ̀ káàkiri láàárín awọ láìsí ààlà, kóró inú wọn rí kọ́lọkọ̀lọ, okùn ara fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wà láàárín wọn, sẹ́ẹ̀lì mast, irú sẹ́ẹ̀lì agbèjà ara kan, sì wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Kò sí sẹ́ẹ̀lì tó ń pín sí méjì, kò sí ibi tó ti kú. Schwannoma kì í rí báyìí: ó ní àpò, ó máa ń ní apá tó ki àti apá tó fọ́nká, èyí tí Antoni ará Sweden ṣàlàyé ní 1920, nínú apá tó ki ni a sì ti ń rí sẹ́ẹ̀lì tó tò ní ìlà méjì kọjú síra wọn, bí Verocay ṣe ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1910. Irú kẹta tún wà tí Reed kọ nípa rẹ̀ ní 1972, kókó kékeré ojú àgbàlagbà tó ní àpò tí kò pé, tó sì máa ń ṣini lọ́nà sí méjèèjì. Ẹ̀yìn obìnrin yìí kì í ṣe àyè rẹ̀. Pátólójísìtì, ìyẹn dókítà tó fi máíkírósíkóòpù yẹ ẹran náà wò, béèrè bóyá kí a fi àwọ̀ S-100 kún un, èyí tó máa ń mú sẹ́ẹ̀lì tó ti ara iṣan ìmọ̀lára wá. Mo ní kí ó fi í sílẹ̀. Nínú neurofibroma, apá kan àwọn sẹ́ẹ̀lì ni S-100 máa ń mú, nínú schwannoma ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo wọn, ó sì wúlò gan-an bí iyèméjì bá wà. Ṣùgbọ́n iyèméjì kò sí níbí, dókítà ojú ló sì yẹ kí owó náà lọ bá.

Dókítà ojú fi fìtílà àyẹ̀wò wo ojú rẹ̀, ó sì rí àwọn èso kéékèèké tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ ju àwọ̀ ẹyin ojú rẹ̀ lọ, ní ojú méjèèjì. Wọn kì í pa ìríran lára, ọ̀pọ̀ jù lọ àgbàlagbà tó ní àìsàn yìí ló sì ní wọn. Bí a ti rí wọn, tí èsì kókó náà sì ti dé, kò sí ohun tó kù láti jiyàn lé lórí. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ru, ó sì ṣe pàtàkì kí a wò ó, nítorí pé kókó orí kíndìnrín àti òpó ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín tó fún pọ̀ jẹ́ ara ohun tó lè bá àìsàn yìí rìn.

Kí ó tó padà wá gba èsì, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá orúkọ àìsàn náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó sì rí àwòrán Joseph Merrick, ọkùnrin ará Leicester tí wọ́n ń pè ní Ọkùnrin Erin, tí oníṣẹ́-abẹ Frederick Treves fi han àwọn dókítà ní London ní 1884. Ẹ̀rù bà wọ́n. Ó bọ́ sí mi lọ́wọ́ láti sọ fún wọn pé ọkùnrin yẹn kò ní àìsàn yìí. Recklinghausen, pátólójísìtì ará Jámánì, ti ṣe ìwé lórí kókó awọ tó ti ara iṣan wá ní 1882, ní Strasbourg, ọdún méjì ṣáájú. Ní 1909 ni dókítà Parkes Weber so Merrick mọ́ àìsàn yìí, gbogbo ayé sì gbà bẹ́ẹ̀ títí di 1986, nígbà tí àwọn onímọ̀ méjì, Tibbles àti Cohen, fi hàn pé bí egungun àti àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wú bá àìsàn Proteus, tó ń mú kí àwọn apá kan ara tóbi kọjá ààlà, mu jù. Nínú gbogbo ohun tí Treves kọ, kò sí àbàwọ́n bíi ti obìnrin yìí, kò sì sí ẹni tó fi máíkírósíkóòpù rí kókó iṣan lára rẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu títí di òní pé irú ìtumọ̀ bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lórí ohun tí ojú lásán rí.

Mo sọ fún obìnrin náà pé inú jíìnì kan lórí kúrómósóòmù 17 ni ọ̀ràn náà ti wá, pé nǹkan bí ẹnì kan nínú 3,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ kárí ayé, pé nǹkan bí ìdajì wọn kò jogún rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó béèrè nípa èpè. Mo ní, “Ẹ̀yin àti ìyá yín, inú ẹ̀jẹ̀ ló gbà wá, ẹni tó bá yín jà lórí ilẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, n kò sì mọ̀ bóyá ó gbà mí gbọ́ pátápátá. Kókó inú awọ bí irú tirẹ̀ kì í sọ ara rẹ̀ di jẹjẹrẹ. Irú èyí tó jinlẹ̀, tó ń tàn ká ẹ̀ka iṣan, ni jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ yọ, a kò sì rí i lára rẹ̀, ṣùgbọ́n mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un ní Yorùbá pé bí kókó èyíkéyìí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún lóru, tó ń tóbi kíákíá, tó le sí i, tàbí tí apá tàbí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú, kí ó má ṣe dúró de ọjọ́ ìpadàwá. Mo fi àyẹ̀wò ọmú kún un, nítorí pé àwọn obìnrin tó ní àìsàn yìí máa ń ní jẹjẹrẹ ọmú ju àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ ṣáájú ọdún 50.

Ọmọ mẹ́ta ló bí, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní àǹfààní ìdajì sí ìdajì láti jogún rẹ̀. A wo gbogbo wọn. Àwọn ọmọkùnrin méjì, ẹni ọdún 13 àti ẹni ọdún 10, kò ní àbàwọ́n kankan, bí ọmọ bá sì ti tó ọdún 10 tí kò sí àbàwọ́n lára rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé kò jogún rẹ̀. Obìnrin àbíkẹ́yìn, ẹni ọdún 6, ní 8 tó ju mìlímítà 5 lọ. Pẹ̀lú ìyá tí a ti dá tirẹ̀ mọ̀, ìwọ̀n 2021 kò béèrè ju àmì kan lọ lára ọmọ. Kókó kò tíì yọ lára rẹ̀. Ohun tí a ń ṣọ́ ní ọjọ́ orí rẹ̀ ni iṣan ojú, èyí tí kókó lè hù sí láìpariwo, nítorí náà ọdọọdún ni dókítà ojú yóò máa rí i; a ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ó ń wọ́, a ó sì máa wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo bi ìyá rẹ̀ léèrè nípa ẹ̀kọ́, ó ní olùkọ́ ń sọ pé ọmọ náà kì í fọkàn sí nǹkan kan. Ìṣòro ẹ̀kọ́ wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí, mo sì kọ ìwé kan sí ilé ẹ̀kọ́ náà pé kí wọ́n gbé e wá síwájú kíláàsì, kí wọ́n sì má ṣe nà án nítorí rẹ̀.